Ẹ̀ṣọ́ Aláṣọ-Irin tí Kò Ní Oríkì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Agbọ́ndẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó lọ sùn nílé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó hú u tán báyìí, nítorí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ikọ́ ẹnikẹ́ni. Oòrùn ṣì wà lókè, iṣẹ́ oko ti parí, ọ̀rọ̀ sì ti ń ho nínú mi láti àná. Èmi Ọdẹ́níran, tí mo fi ogójì ọdún rìn nínú igbó tí àwọn bàbá yín kò lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Lánàá ni mo ń kọjá lẹ́yìn ilé Fátókun adẹ́mu, mo sì gbọ́ tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yin Igbẹ́kọ̀yí. Wọ́n ní akọni ni. Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ tó gun ẹṣin, tó wọ aṣọ irin láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò tún sí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Fátókun tilẹ̀ ní ká ṣàánú rẹ̀, pé ìyà ló jẹ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ jòjòló, òun ló sọ ọ́ dà bó ṣe dà. Mo tu itọ́ sílẹ̀. Fátókun, ṣé o wà níbẹ̀? Má wo ilẹ̀, èmi ni kí o wò. O kò rí Igbẹ́kọ̀yí rí. Èmi rí i. Mo rí i tó ń làágùn nínú aṣọ irin rẹ̀, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, ènìyàn mẹ́rin ló sì máa ń gbé e kó tó lè dé ẹ̀yìn ẹṣin.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, Àwẹ̀ró ìyàwó mi lọ sí Òkè-Agbọ́n, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ àbúrò rẹ̀ lórúkọ. Ó ní ọjọ́ kẹta ni òun yóò padà. Ọjọ́ kẹta pé, n kò rí i. Ọjọ́ keje pé, n kò rí i. Ní ọjọ́ kẹjọ, ọkùnrin kan sáré wọ abúlé wa, ẹ̀rù ti bà á débi pé ọwọ́ ló wọ bàtà rẹ̀ sí. Ó ní òun àti Àwẹ̀ró jọ dé etí odò Àbàtà ni, níbi tí gbogbo ayé ti ń fi ẹsẹ̀ la omi kọjá, àwọn sì bá ẹlẹ́ṣin kan tó dúró láàárín odò. Aṣọ irin ló wọ̀, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, asà wà ní apá rẹ̀ kejì.

Ẹlẹ́ṣin náà ní, “Èmi Igbẹ́kọ̀yí ni mo ni ojú odò yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó kúnlẹ̀, kó pe oríkì mi. Oríkì mi gan-an ni o, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ẹnu ara yín dá.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò rí yín rí. Báwo ni mo ṣe máa mọ oríkì yín?”

Ó ní ẹni tí kò mọ oríkì òun, òun kò rí ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ní láti ní orúkọ. Ó fa ìjánu, ẹṣin rẹ̀ na ahọ́n, ó lá iwájú orí Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìṣẹ́jú náà ni Àwẹ̀ró kò ti mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ó dìde, ó di ìjánu ẹṣin mú, ó ń tẹ̀ lé e kiri. Ọkùnrin tó ń ròyìn yìí ti sá sẹ́yìn igi, ó rí gbogbo rẹ̀, ó sì sá wálé.

Ẹ gbọ́ irú ìwà wèrè bẹ́ẹ̀! Ta ni kò mọ̀ pé ìyá ló ń fún ọmọ ní oríkì? Kí ọmọ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni ìyá rẹ̀ ti ń fi oríkì jí i láàárọ̀, tó ń fi í rẹ̀ ẹ́ tó bá ń sunkún. Agbalagbà wá gun ẹṣin sáàárín odò, ó ń bi ẹni tó ń lọ sọ́jà léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Tí ẹnìkan bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Agbọ́ndẹ́ níhìn-ín, a ó dè é mọ́lẹ̀ ni, a ó sì lọ wá oníṣègùn. Àmọ́ nítorí pé Igbẹ́kọ̀yí wọ aṣọ irin, akọni ni.

Mo gbé ìbọn mi, mo fi àpò ọdẹ kọ́ èjìká, mo wọ Igbó Arọ́nimọ́ra láti wá wọn kiri. N kò ní fi iye ọjọ́ tí mo rìn dà yín láàmú. Ọjọ́ tí mo dé àárín igbó náà ni iwin kan dìde dúró níwájú mi. Ó ga ju igi àràbà lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò tóbi ju orí ewúrẹ́ lọ, ojú mẹ́fà ló sì yí orí náà ká. Ẹlòmíràn ì bá ti kú. Èmi kí i pé ó kú ìdúró.

Iwin náà ní, “Ìwọ elérùpẹ̀ yìí, mo ní ìbéèrè kan. Kí ni ìyá rẹ fún ọ tí o kò rántí ọjọ́ tó fún ọ?”

Mo ní, “Ọmú ni.” Ó gbá mi létí, mo ta gọ́ọ́gọ́ọ́, mo lọ rọ̀ mọ́ igi kan.

Ó ní, “Ewúrẹ́ náà ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Tún un sọ.”

Mo ní, “Ẹ̀mí ni.” Ó ní Ọlọ́run ló fún mi ní ìyẹn, ó sì gbá mi ní etí kejì kí àkọ́kọ́ má baà dá nìkan dùn mí. Ó wá ní tí mo bá ṣì í lẹ́ẹ̀kẹta, agbárí mi ni òun yóò fi máa bu omi. Mo jókòó sílẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, orí yín kọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ife. Bí mo ti jókòó ni mo ń ro pé n kò ní rí Àwẹ̀ró mọ́. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi, mo kàn ń sọ fún ara mi wẹ́rẹ́ pé, “Àkànó, o ti wọ gàù lónìí.” Ibẹ̀ ni mo ti dìde fìrí.

Mo ní, “Oríkì mi ni! Àkànó ni ìyá mi ń pè mí, n kò sì mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀!”

Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà iwin náà kún fún omijé. Ta ni nínú yín tó ti mú iwin sunkún rí? Ẹ dákẹ́, mo mọ̀ pé kò sí.

Ó jókòó tì mí, ó ní òun mọ ẹni tí mo ń wá. Ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ alágbẹ̀dẹ nínú igbó náà. Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá nílẹ̀, ọmọ tuntun wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá ti kú. Ẹyọ kan ṣì ń sunkún, aṣọ ààfin ni wọ́n sì fi wé e. Alágbẹ̀dẹ gbé e sílé, ó sọ ọ́ ní Igbẹ́kọ̀yí nítorí pé igbó kọ̀ láti gbà á. Ó fi wàrà àgbọ̀nrín bọ́ ọ. Ó rọ aṣọ irin fún un kí ẹ̀gún má baà ha á lára. Ó fún un ní ẹṣin iwin tó ń jẹ orúkọ bí ẹṣin ti ayé ṣe ń jẹ koríko, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe jẹ́ kó lá ènìyàn láé.

Iwin náà ní, “Nígbà tó di ọkùnrin, ó bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè oríkì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò mọ̀ ọ́n, pé òun kọ́ ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ogún ọdún ni òun ti ń pè é ní ọmọ òun. Igbẹ́kọ̀yí ní kí ni ọmọ ọba fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu alágbẹ̀dẹ ṣe? Ó gún un lọ́kọ̀ pa nídìí ẹwìrì tó fi ń fẹ́ná.”

Fátókun, ẹni tí o ní ká ṣàánú nìyẹn. Ìyà jẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan, wọ́n wá kẹ́ ẹ fún ogún ọdún. Ogún ọdún yẹn ló fi ọ̀kọ̀ dá lóhùn.

Mo bi iwin bí mo ṣe lè pa ẹṣin náà. Ó ní ọta ìbọn kò ràn án. Ó ní ìyá tó bí Igbẹ́kọ̀yí ṣì wà láàyè ní Ìlú Aláìbojúwẹ̀yìn, pé òun nìkan ló mọ oríkì tí ẹ̀ṣọ́ náà ń wá, kí n gbé e lọ sí etí odò. Ó ti ìka gígùn rẹ̀ sí ọ̀nà, mo gbọn ewé lára, mo sì lọ.

Ìlú ènìyàn ẹ̀gàn ni Ìlú Aláìbojúwẹ̀yìn. Ọrùn gbogbo wọn le gan-an bí ọmọrí odó. Wọn kì í yí orí, wọn kì í wo ẹ̀yìn. Tí ẹrù bá já bọ́ lẹ́yìn wọn, ibẹ̀ ló ń wà. Gbogbo ojú ọ̀nà wọn kún fún ṣíbí, aṣọ, iṣu àti bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tó lè padà mú tirẹ̀. Mo pe ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹnìkan ṣoṣo ló yí ọrùn wò mí, obìnrin arúgbó kan tó jókòó síwájú ahéré ní ìpẹ̀kun ìlú. Ẹfúndùnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Olorì ọba ni tẹ́lẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú ìjókòó, ìyá. Igbẹ́kọ̀yí, ẹ̀ṣọ́ aláṣọ irin, ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?”

Ó ní, “Káàbọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo bí i. Èmi náà sì ni mo gbé e jùnù. Ọwọ́ mi yìí ni.”

Ó ní ọba lálàá pé ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí lóṣù náà ni yóò pa òun, ó sì pàṣẹ kí gbogbo ọmọkùnrin oṣù náà lọ sínú igbó, títí kan tirẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n. Àwọn ìyá wọn jókòó, wọ́n jọ fẹnu kò pé àwọn kò ní fún ọmọ kankan ní oríkì, kí ìfẹ́ rẹ̀ má baà wọ àwọn lára.

Ó ní, “Àwọn yòókù pa ẹnu mọ́. Èmi pe tèmi lẹ́ẹ̀kan, lójú ọ̀nà, ó ku díẹ̀ kí n gbé e sílẹ̀. N kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí a ti padà délé, ọba mú gbogbo ìlú búra pé ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn mọ́.”

Mo ní, “Ṣé kò padà wá yín ni?”

“Ó wá. Ó gun ẹṣin wọ ààfin, ó pa bàbá rẹ̀ lórí ìtẹ́. Ó béèrè mi, ojú ti àwọn ará ìlú, wọ́n ní mo ti kú. Ẹ̀yìn ilé ni mo wà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, n kò jáde.”

Inú bí mi sí i, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ní, “Ìyá, ẹ̀rù tó bà yín yẹn, ìyàwó mi ló ń jẹ ìyà rẹ̀ báyìí.”

Ó ní, “Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi kò lè rìn jìnnà mọ́. Gbé mi lọ.”

Mo tú àmùrè mi, mo fi ṣe ọ̀já, mo pọn olorì ọba sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi Ọdẹ́níran, tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà, ṣe gba inú igbó kọjá tí arúgbó ń sọ fún mi láti ẹ̀yìn pé kí n rọra.

A dé odò Àbàtà ní ọ̀sán gangan. Ó tó ogójì ènìyàn tí ẹṣin ti jẹ orúkọ wọn tó dúró sí etí omi, wọ́n di koríko mọ́wọ́ láìmọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò wo ara wọn. Igbẹ́kọ̀yí wà lórí ẹṣin. Aṣọ irin náà ti ń dípẹtà ní abíyá. Àwẹ̀ró ló di ìjánu mú. Mo pè é, mo ní, “Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró mi!” Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó sì yí ojú kúrò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti dojú kọ erin rí, ṣùgbọ́n ìwò yẹn ni mi ò lè gbà. Mo sunkún níbẹ̀.

Igbẹ́kọ̀yí ké láti inú irin pé, “Ọdẹ, kúnlẹ̀, kí o sì kì mí!”

Mo ní, “Ta ni ń kùn nínú ìkòkò yẹn? Jáde síta kí n lè gbọ́ ọ. Oríkì rẹ wà lẹ́yìn mi, ìyá rẹ ni mo pọ̀n wá.”

Mo sọ ìyá náà kalẹ̀. Ó wọ omi títí ó fi kan orúnkún rẹ̀, ó gbé ojú sókè sí ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

Ó ní, “Àjàmú. Àjàmú, ọmọ tó wáyé nígbà òjò, tó sunkún tí n kò lè fi aṣọ bò. Àjàmú tí n kò rí gbé jó. Wá jẹun, Àjàmú.”

Igbẹ́kọ̀yí ṣí irin ojú rẹ̀. Omi ti dé ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: fún ìṣẹ́jú kan, àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí.

Ó wá bi í pé, “Ṣé ó tán?”

“Ó tán, ọmọ mi.”

“Kò sí ọba nínú rẹ̀? Kò sí ẹkùn? Kò sí àwọn tí mo pa?”

Ìyá náà ní, “O kò tíì pa ẹnì kankan nígbà náà. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà ni ọ́.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó ń bẹ̀rù òun ti kì òun dáadáa ju èyí lọ, pé oríkì ọmọ alágbàro nìyẹn, kì í ṣe ti òun. Ó da irin bo ojú padà, ó sì fa ìjánu. Mo kígbe pé, “Ìyá rẹ ni, ìwọ ẹni ègbé yìí!”

Ó ní, “Mo gbọ́.”

Ẹṣin náà lá iwájú orí ìyá. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Oríkì tí obìnrin yìí ti fi pamọ́ sínú ara rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún bá a wọlé, ó sì wúwo ju ohun tí inú ẹṣin lè gbà. Orúnkún iwájú rẹ̀ yẹ̀, ti ẹ̀yìn yẹ̀, ikùn rẹ̀ ń ru sókè. Mo yìnbọn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé ó ti ń ṣubú kí n tó yìn ín, ṣùgbọ́n èmi ni mo yìnbọn. Ikùn ẹṣin bẹ́, orúkọ tú jáde sínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ariwo, oníkálukú gbọ́ tirẹ̀, ó sì jẹ́ ẹ. Wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Àwẹ̀ró ju ìjánu sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá Ìdòwú, kí ló dé tí o rù báyìí?”

Akọni yín ń kọ́? Ó ṣubú sínú omi tí kò ju orúnkún lọ, kò sì lè dìde. Wọ́n wọ́ ọ jáde bí igi ìdáná. Nígbà tí ó jókòó tán, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń béèrè pé, “Ta ni mí?” Ẹnu ìyá rẹ̀ nìkan ni ohun tó ń jẹ́ gan-an wà, òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ó sì ti fi bọ́ ẹṣin; nígbà tó tú jáde, kò jẹ́ ẹ. Ẹfúndùnkẹ́ ti rí orúkọ tirẹ̀ gbà. Ó lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, “Àjàmú!” Igbẹ́kọ̀yí yíjú, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Àwọn ènìyàn ti kó òkúta, wọ́n fẹ́ pa á. Ìyá náà dúró síwájú rẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ fi pàǹtí yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ sílé mi.”

Ó ní, “Mo ti fi í sílẹ̀ nígbà kan rí. N kò ní tún un ṣe.”

A kọ́ ahéré kan fún un létí odò. Lọ́dọọdún, tí iṣu bá ti ta, èmi àti Àwẹ̀ró máa ń ru díẹ̀ lọ fún un. Ní gbogbo àárọ̀ ni ìyá náà ń jí, tó ń pe oríkì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ń gbé oúnjẹ síwájú ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà á wo ẹ̀yìn, á wá jẹun. Ọdún méje ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a dé ibẹ̀, ahéré ṣófo. Àwọn ará Òkè-Agbọ́n ti sin ìyá náà. Igbẹ́kọ̀yí jókòó sí ojú ibi tó máa ń jókòó, aṣọ irin ti jẹrà mọ́ ọn lára. Ó dìde nígbà tó rí wa. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Obìnrin arúgbó kan wà níhìn-ín tó máa ń pe ẹnìkan láràárọ̀. Ẹni náà kò dá a lóhùn rí. Ta ni ó ń pè?”

Àwẹ̀ró di apá mi mú. Mo wo ọkùnrin náà pẹ́. Mo rántí alágbẹ̀dẹ, mo rántí ìyá tó dúró nínú omi.

Mo ní, “N kò mọ̀.” A ru iṣu wa, a sì la odò kọjá.

Ó tó. Ẹ gbé àga yín nílẹ̀, kí oníkálukú máa lọ sílé.